Òjé Tó Jẹrà Di Ohun Ẹ̀ṣọ́

Ẹni tó bá ń gbé ìlú Port Harcourt, tó sì ní kí òun gbẹ́lẹ̀ wá òkúta, yóò gbẹ́ títí àárẹ̀ yóò fi mú un, nítorí pé orí iyanrìn àti amọ̀ tí Odò Ọya ti ń kó wá dà síbẹ̀ láti ayébáyé ni ìlú náà jókòó lé, kò sì sí àpáta kan nítòsí tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ kọ. Òkúta tí wọ́n fi ń kọ́ ilé alájà àti afárá níbẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù ní ń kó o wá láti òkè, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ń ti Ishiagu wá, ìlú kan ní Ìpínlẹ̀ Ebonyi tí ojú irin tó ti Port Harcourt lọ sí Enugu gbà kọjá. Àwọn tó ń ra òkúta wẹ́wẹ́ yìí, tí wọ́n ń pò ó mọ́ sìmẹ́ǹtì, kì í sábà mọ̀ pé ìlú tó ń bí òkúta ìkọ́lé fún wọn náà ló ń bí òjé, àti pé nínú ohun tí àwọn awakùsà ibẹ̀ ń dà nù sẹ́bàá kòtò ni irú òkúta tí àwọn olùkójọ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń náwó nára lé lórí lè fara pamọ́ sí.

Ìlà òjé yìí kì í ṣe ti Ishiagu nìkan. Ó gbéra láti ibẹ̀, ó gba Enyigba, Ameri àti Ameka lẹ́bàá Abakaliki, ó tẹ̀ lé àfonífojì Odò Benue lọ sí ìhà àríwá, kò sì dáwọ́ dúró títí ó fi dé Zurak ní Ìpínlẹ̀ Plateau, ìrìn tó lé ní 500 kìlómítà. Láyé ọjọ́un, òkun ló bo ibẹ̀. Ẹrẹ̀ dúdú tó rọ̀ sí ìsàlẹ̀ òkun náà ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn ni ó le di àpáta pẹlẹbẹ, nígbà tí àpáta náà sì sán, omi iyọ̀ gbígbóná tó gbé òjé àti síńkì dání gba ojú sísán náà wọlé, ó tutù níbẹ̀, ó sì sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Iyọ̀ kò tíì tán nínú ilẹ̀ agbègbè náà títí di òní olónìí, nítorí àwọn obìnrin Uburu àti Okposi ṣì ń se omi adágún wọn di iyọ̀ bí àwọn ìyá ńlá wọn ti ń ṣe é.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òyìnbó ló kọ́kọ́ fi òjé han àwọn ará ibẹ̀. Àwọn iṣẹ́ ọnà idẹ tí wọ́n hú jáde ní Igbo-Ukwu, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Thurstan Shaw wá fi ọgbọ́n ìwalẹ̀ wà ní 1959 àti 1960, tí wọ́n sì kà sí iṣẹ́ bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, òjé pọ̀ nínú wọn. Ní 1989 ni Shaw àti àwọn onímọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì tẹ àbájáde àyẹ̀wò kan jáde tó fi hàn pé bàbà àti òjé ilẹ̀ Nàìjíríà fúnra rẹ̀, ní agbègbè Abakaliki yìí kan náà, ló ṣeé ṣe kí àwọn alágbẹ̀dẹ náà ti lò. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wá rán àwọn awòye-ilẹ̀ wọn kiri Gúúsù Nàìjíríà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, èédú ni ọkàn wọn fà sí jù. Wọ́n rí i ní Enugu ní 1909, wọ́n la ojú irin síbẹ̀, wọ́n sì tẹ ìlú tuntun dó sí etí omi láti máa kó èédú náà lọ. Ìlú tuntun yẹn ni Port Harcourt, tí wọ́n fi orúkọ Lewis Harcourt sọ ní 1913. Òjé jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ojú irin, ó ń wo èédú tó ń kọjá.

Òkúta òjé tó wọ́pọ̀ jù, òun ni galena. Kò sí ọmọ Yorùbá tó dàgbà tí kò tíì fojú kàn án, bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀, nítorí òun ni wọ́n ń lọ̀ kúnná di púpọ̀ nínú tìróò tí àwọn ìyá wa fi ń lé ojú. Òjé àti imí-ọjọ́ ló para pọ̀ dá a. Nínú gíráàmù 100 rẹ̀, ó lé ní 86 tó jẹ́ òjé pọ́ńbélé. Ẹ gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, ẹ ó sì rí i pé ọwọ́ á rẹlẹ̀ ju bí ojú ti rò lọ, nítorí ìwọ̀n rẹ̀ tó ìlọ́po méje àtààbọ̀ ìwọ̀n omi, nígbà tí òkúta funfun lásán tí a ń rí lójú ọ̀nà kò ju ìlọ́po méjì àtààbọ̀ àti díẹ̀ lọ. Bí ẹ bá fi òòlù kàn án jẹ́jẹ́, kò ní fọ́ yángá-yángá bí ìgò. Yóò ya ní igun mẹ́rin-mẹ́rin bí ọmọ lúdò, èyí tó bá sì tún já lára ọmọ lúdò náà, igun mẹ́rin kékeré ni òun náà yóò jẹ́, títí dé èyí tí ojú lásán kò lè rí mọ́. Ojú ibi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ya a máa dán gbinrin bí irin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ tí yóò fi ṣú. Ẹ fà á lẹ́yìn táìlì ilé ìwẹ̀, níbi tí wọn kò kùn, ìlà eérú dúdú ni yóò fi sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò pin síbẹ̀, nítorí ohun tí galena jẹ́ fún olùkójọ kò ju ohun tí ẹ̀kọ jẹ́ fún àlejò ọba lọ: ó dára, ó ń yó ni, kì í ṣe òun ni a tìtorí rẹ̀ wá. Òkúta òjé tó ṣọ̀wọ́n, ìdíbàjẹ́ galena ló ń bí i. Nígbà tí òjò bá ń rọ̀ sí ilẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, tí omi ń kán wọ inú ìlà òjé láti òkè, tí afẹ́fẹ́ sì ń tẹ̀ lé omi náà, galena tó wà nítòsí ojú ilẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí jẹrà díẹ̀díẹ̀. Imí-ọjọ́ inú rẹ̀ yóò yí padà, òjé yóò sì máa wá ẹlòmíràn tí yóò fẹ́. Bí ilé ọba bá jó, ẹwà ló bù sí i. Èyí tó bá ṣì wà pẹ̀lú imí-ọjọ́ rẹ̀ tó ti gba afẹ́fẹ́ sára yóò di anglesite, tó gba orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ erékùṣù Anglesey ní Wales. Èyí tó bá pàdé ásíìdì fífúyẹ́ tí omi òjò rí gbà nínú afẹ́fẹ́ àti nínú ilẹ̀ yóò di cerussite. Èyí tó bá pàdé phosphate yóò di pyromorphite aláwọ̀ ewé. Bí molybdenum bá wà nítòsí, wulfenite pelebe ni, tó pọ́n bí ìyeyè; bí ó bá jẹ́ vanadium, vanadinite pupa ni, irú èyí tí Mibladen ní Mòrókò fi gbajúmọ̀; bí ó bá sì jẹ́ chromium, crocoite ni, tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tí àwọn ará Tasmania ń fi yangàn. Láti inú irú crocoite bẹ́ẹ̀, tí wọ́n wà jáde ní òkè Ural ní Rọ́ṣíà, ni Vauquelin ti ilẹ̀ Faransé ti kọ́kọ́ rí chromium fúnra rẹ̀ ní 1797.

Ní Ishiagu àti Abakaliki, cerussite àti anglesite ni kí olùkójọ fi ojú sí jù, kí ó má sì jẹ́ kí òkìkí àwọn tó kù fọ́ òun lójú. Cerussite funfun tàbí kó ṣe eérú, nígbà mìíràn a sì mọ́ gaara. Aláìmọ̀kan yóò pè é ní òkúta funfun lásán, yóò sì jù ú nù. Mẹ́ta ni ohun tí yóò tú u fó. Èkíní ni ìwọ̀n rẹ̀, nítorí ó wúwo tó ìlọ́po mẹ́fà àtààbọ̀ omi. Èkejì ni dídán rẹ̀, tí kì í ṣe dídán ìgò bí kò ṣe ti dáyámọ́ǹdì, tí ń kọ mànà bí a bá yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún nínú oòrùn. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé ó rọ̀: ọ̀bẹ yóò ha á, nígbà tí òkúta funfun lásán yóò ha ọ̀bẹ fúnra rẹ̀. Òkúta kan wà tó máa ń tan ènìyàn jẹ ní gbogbo ìlà Benue, òun ni barite, tí òun náà funfun tó sì wúwo. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n tirẹ̀ kò ju ìlọ́po mẹ́rin àtààbọ̀ lọ, bí a bá sì kán nitric acid tí a ti là mọ́ omi sí i lára, kò ní mira, nígbà tí cerussite yóò hó ṣùùṣù. Ẹni tó bá tún fẹ́ kí ojú òun já a, kí ó mú omi ásíìdì tó ti jẹ lára òkúta náà, kí ó kán potassium iodide sí i. Bí òjé bá wà níbẹ̀, àwọ̀ ìyeyè yóò tú jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ni kó ṣe èyí o, kì í ṣe ohun tí à ń fi ọmọdé dánra wò.

Kí á tó dé ẹ̀bá kòtò, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi ń fọn rere ọ̀rọ̀ yìí. Ìletò kan wà ní Scotland tó ń jẹ́ Leadhills, kò tóbi, òtútù sì pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo onímọ̀ òkúta lágbàáyé ló mọ orúkọ rẹ̀, nítorí pé láti inú ihò òjé rẹ̀ ni ìbẹ́ta kan ti jáde, leadhillite, susannite àti macphersonite, tí ohun tó dá wọn kò fi ìwọ̀n abẹ́rẹ́ yàtọ̀ síra, tó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe to ara wọn nínú lọ́hùn-ún nìkan ló pín wọn níyà. A ti mọ leadhillite láti nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. Macphersonite ní tirẹ̀, 1984 ni wọ́n tó kéde rẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ olùtọ́jú òkúta ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ní Edinburgh sọ ọ́. Ní Namibia, ìlú Tsumeb ti ilẹ̀kùn ihò rẹ̀ ní 1996, síbẹ̀ irú òkúta tó lé ní 300 ni a kọ orúkọ wọn sílẹ̀ sábẹ́ orúkọ ìlú náà, cerussite ibẹ̀ sì ni ọba láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ta ló kọ wọ́n sílẹ̀? Àwọn tó ń ṣa ohun tí awakùsà jù nù ni, wọ́n ń dì í, wọ́n sì ń kọ ìwé pélébé sí i. Sir Arthur Russell, ará Gẹ̀ẹ́sì tó kú ní 1964, fi gbogbo ayé rẹ̀ rin ihò kùsà ilẹ̀ rẹ̀ kiri kí wọ́n tó dí i pa, òkúta rẹ̀ tó lé ní 12,000 sì wà ní Natural History Museum ní Lọ́ńdọ̀nù báyìí, pẹ̀lú ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá. Ẹ wá wo tiwa. Awakùsà wa ń tà ní tọ́ọ̀nù, ìwọ̀n òjé nìkan ni oníbàárà rẹ̀ ń béèrè. Òkúta orí ilẹ̀ tó ti jẹrà, tó kún fún ìpẹtà irin pupa, tí ihò wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ lè gbé kírísítálì sí, òòlù yóò fọ́ ọ túútúú tàbí kí wọ́n yí i dà sí ààtàn. N kò bá wọn wí, nítorí ẹni tó mọ iyì wúrà là á tà á fún, kò sì sí ẹni tó wá béèrè lọ́wọ́ wọn rí.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ béèrè, kí ó kọ́kọ́ mọ̀ pé lábẹ́ òfin ìwakùsà Nàìjíríà ti 2007, ìjọba àpapọ̀ ló ni gbogbo ohun àlùmọ́ọ́nì tó wà nínú ilẹ̀, ibi tí kòtò bá sì wà, ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan ti gba ìwé àṣẹ lé e lórí. Nítorí náà, ẹni tó ni ìwé àṣẹ ni a ó kọ́kọ́ bẹ̀, a ó sì yọjú sí àwọn àgbà abúlé. Obì àbàtà ni kí ẹ mú lọ, kì í ṣe gbànja, nítorí èyí tó bá pín sí awẹ́ púpọ̀ ni Ìgbò ń fi í gbàdúrà. Ẹni tó bá tìtorí náírà díẹ̀ mú gbànja dání yóò rí ẹ̀rín músẹ́, yóò sì dúró pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà.

Inú ihò kì í ṣe ibi tí olùkójọ ń lọ. Mo tún un sọ: kí ẹnikẹ́ni má wọ inú ihò àtijọ́. Àpáta pẹlẹbẹ dúdú ibẹ̀ a máa ya lulẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀, omi ti mu ọ̀pọ̀ kòtò kún débi pé a kò mọ ìsàlẹ̀ wọn, afẹ́fẹ́ inú ihò jíjìn sì lè má tó mí. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Orí òkìtì tí wọ́n kó pàǹtí sí ni iṣẹ́ wa wà, ìgbà tó sì dára jù láti rìn ín ni òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí òjò ńlá bá rọ̀, nígbà tí omi ti fọ erukuru kúrò lójú òkúta, tí oòrùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ sì ń dán lára ohunkóhun tó bá lè dán. Kí ẹ rọra rìn, kí ẹ kọ ẹ̀yìn sí oòrùn, kí ẹ máa gbé èyí tó bá wúwo ju bó ti yẹ lọ. Òkúta pupa onípẹtà tó ní ihò lára, ẹ má fọ́ ọ níbẹ̀. Ẹ fi awò tí ń sọ kékeré di ńlá wo inú ihò náà ná, nítorí kírísítálì tí kò tó orí ìṣó ni ó sábà máa ń níyì jù. Èyí tí ẹ bá mú, ẹ fi ìwé ìròyìn wé e lọ́kọ̀ọ̀kan, kí òkúta méjì má fara kan ara wọn nínú àpò.

Nísinsìnyí ni mo kan ibi tó ní eegun nínú ọ̀rọ̀ náà. Òjé májèlé ni. Àwọn olóòṣà Ọbàtálá, Òrìṣà-ńlá Ọ̀ṣẹ̀rẹ̀màgbò aláṣọ funfun, a máa fi í ṣe ẹ̀gbà ọwọ́, àwọn àgbà sì máa ń wí pé a ti fi òjé bọ olóòṣà lọ́wọ́, ó ku baba ẹni tí yóò bọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni òjé tó bá wọ ara, nítorí inú eegun ni yóò lọ fìdí kalẹ̀ sí, yóò sì pẹ́ níbẹ̀ fún ẹ̀wádún. Ọmọdé ló ń ba ayé jẹ́ fún jù. Ní 2010, ní agbègbè Anka àti Bukkuyum ní Ìpínlẹ̀ Zamfara, wúrà ni àwọn ènìyàn ń wá, òjé ló bá wọn wálé: wọ́n gbé òkúta wúrà tí òjé pọ̀ nínú rẹ̀ wọ agbo ilé, wọ́n ń fọ́ ọ, wọ́n ń lọ̀ ọ́, eruku rẹ̀ bo ilẹ̀ tí ọmọ ń rá lórí, ọmọ tó sì kú tó 400 ó kéré tán. Ọ̀nà kò sì jìn títí dé ọ̀dọ̀ àwa náà. Ní Boston ní Amẹ́ríkà, àwọn dókítà rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan tí àwọn òbí rẹ̀ ń lé tìróò fún, tìróò tí wọ́n rà ní Nàìjíríà. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, 82.6 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ òjé, gẹ́gẹ́ bí àjọ ìlera ìjọba ibẹ̀ ti tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2012. Galena tí kò ní àbùlà púpọ̀ ni ọmọ náà ń fi ọwọ́ nù lójú, tó ń fi sẹ́nu.

Nítorí náà, kí olùkójọ má jẹun, kí ó má mu sìgá lórí òkìtì. Kí ó fi omi àti ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ó tó fi kan oúnjẹ. Kí ó bọ́ bàtà sí ìta. Aṣọ tó wọ̀ lọ, kí wọ́n má fọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ ti ọmọ. Kí ó má fọ́ òkúta òjé nínú ilé láé, kí ó má sì gbá eruku rẹ̀ ní gbígbẹ, aṣọ tútù ni kí ó fi nù ún. Ohun ìyanu kan wà níbẹ̀ tí n kò lè gbójú fò: pyromorphite tí à ń ṣìkẹ́ yìí kì í fẹ́ jọ̀wọ́ òjé inú rẹ̀ fún omi, ìdí nìyẹn tí ìjọba Amẹ́ríkà fi lọ eegun ẹja ní 2011, tí wọ́n pò ó mọ́ ilẹ̀ àgbàlá tí òjé ti bàjẹ́ ní Oakland, ní California, kí phosphate inú eegun náà lè gbá òjé mú, kí ó sì sọ ọ́ di pyromorphite níbi tó wà.

Bí òkúta bá délé, omi tí kò gbóná tí kò sì tutù jù ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀. Cerussite kì í fẹ́ ìyípadà òjijì, bí ẹ bá ti inú oòrùn gbé e bọ inú omi tútù, yóò sán. Crocoite àti vanadinite, bí ẹ bá rà wọ́n láti òkè òkun, inú àpótí tí ìmọ́lẹ̀ kò dé ni ààyè wọn, nítorí ìmọ́lẹ̀ a máa ṣá wọn. Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn ń fojú tín-ín-rín, tó sì jẹ́ pé òun ni gbogbo rẹ̀. Ẹ fi ọ̀dà funfun kán ibi kan tí kò ṣe pàtàkì lára òkúta náà, ẹ kọ nọ́ńbà sí i. Kí ẹ wá kọ nọ́ńbà kan náà sórí ìwé pélébé, pẹ̀lú orúkọ ìlú, orúkọ kòtò bí àwọn awakùsà ti ń pè é, bóyá orí òkìtì ni tàbí ara àpáta gan-an, ọjọ́ tí ẹ mú un, àti orúkọ ẹni tó fún yín láyè. Kírísítálì tó rẹwà tí kò ní ìwé yìí, ohun ẹ̀ṣọ́ ni. Èyí tó bu létí tó ní i, ẹ̀rí ni, onímọ̀ òkúta yóò sì fi ìdùnnú gba èkejì kí ó tó gba èkíní. Ẹ má gba ìwé tí oníṣòwò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ lójú yín gbọ́ jù, nítorí àwọn kan ń fi gọ́ọ̀mù lẹ kírísítálì mọ́ òkúta tí kò bá a tan, wọ́n sì ń pè é ní ti Tsumeb.

Ní ti òkúta tó bá ta kókó, tí ìwọ̀n àti ásíìdì kò tú, ẹ̀ka ìmọ̀ nípa ilẹ̀ wà ní Yunifásítì ìlú Port Harcourt ní Choba. Wọn yóò béèrè ìwé pélébé náà lọ́wọ́ yín kí wọ́n tó wo òkúta.